Ìdúróṣinṣin: Ṣé Pípẹ́ Níbì Kan Ni?

Gbogbo ọpẹ́ ń bẹ fún Ọlọ́hun, Ọba tí kì í yẹ àdéhùn. Kí ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ máa bá Ànábì wa Muhammad, ẹni tí àwọn ọ̀tá rẹ̀ pàápàá fọkàn tán, àti àwọn ará ilé rẹ̀, àti àwọn sàhábé rẹ̀, àti gbogbo ẹni tí ó bá tọ ipasẹ̀ wọn títí di ọjọ́ ìkẹyìn.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí ó máa ń dá àríyànjiyàn sílẹ̀ láàárín wa nígbà tí a bá kírun tán tí a jókòó sí ẹ̀yìn mọ́sálásí. Ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù ni. Bí agbábọ́ọ̀lù kan bá fi ẹgbẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ lọ sí ibi tí owó gbé pọ̀, àwọn kan á ní ọ̀dàlẹ̀ ni. Àwọn mìíràn á ní ọlọ́gbọ́n ni, pé ẹni tí ó bá dúró ni kò mọ ohun tí ó ń ṣe. Ariwo á pọ̀, kò sì sí ẹni tí yóò gbà fún ẹnì kejì. Ṣùgbọ́n lábẹ́ ariwo yìí, ìbéèrè kan wà tí ó kan ìgbàgbọ́ wa: kí ni a ń pè ní ìdúróṣinṣin? Ṣé kí ènìyàn pẹ́ níbì kan ni, àbí nǹkan mìíràn ni?

Àgbàlagbà kan lè wí pé, kí ni ti agbábọ́ọ̀lù òyìnbó nínú ìwé ìròyìn Ìsìlámù? Ẹ jẹ́ kí a rántí pé kí iṣẹ́ ànábì tó dé, ojise Ọlọ́hun wà níbi tí àwọn ará Mẹ́kà kan ti bá ara wọn ṣe àdéhùn nílé Abdullah ọmọ Jud'aan, pé àwọn yóò máa gbèjà ẹni tí a bá ń rẹ́ jẹ. Nígbà tí Ìsìlámù dé, ó yin àdéhùn náà, ó sì ní bí wọ́n bá tún pe òun sí irú rẹ̀, òun yóò jẹ́ ìpè. Nítorí náà, ìwà rere kì í di búburú nítorí ọwọ́ ẹni tí a ti rí i. A lè kọ́ ẹ̀kọ́ lára ẹnikẹ́ni, bí a bá ṣáà fi òṣùwọ̀n ẹ̀sìn wọn ohun tí a rí.

Ní orílẹ̀-èdè Nẹ́dálándì, tí ọ̀pọ̀ nínú wa mọ̀ sí Họ́láńdì, wọ́n bí ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Sjaak Swart ní ọjọ́ 3 oṣù Júláì, ọdún 1938. Ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Ajax ti ìlú Amsterdam ni ó gbá bọ́ọ̀lù fún, ọwọ́ ọ̀tún iwájú sì ni ipò rẹ̀. Ọmọ ọdún 18 ni nígbà tí ó kọ́kọ́ wọ jẹ́sì ikọ̀ àgbà ní ọdún 1956. Nígbà tí yóò fi bọ́ ọ sílẹ̀ ní ọdún 1973, sáà 17 ti kọjá. Kò gbá bọ́ọ̀lù fún ẹgbẹ́ mìíràn rí. Ìdíje 603 ni ó gbá fún Ajax, góòlù 228 ni ó sì jẹ. Kò sí ẹni tí ó gbá tó bẹ́ẹ̀ fún ẹgbẹ́ náà ṣáájú rẹ̀ tàbí lẹ́yìn rẹ̀. Àwọn ará Amsterdam fi orúkọ ẹgbẹ́ pè é, wọ́n ní òun ni Mister Ajax.

Ẹ má ṣe rò pé oyin nìkan ni ó lá níbẹ̀. Ní sáà 1964 sí 1965, Ajax fẹ́rẹ̀ẹ́ já sí ìpele ìsàlẹ̀. Ipò 13 ni wọ́n parí sí nínú ẹgbẹ́ 16. Swart ti lo ọdún mẹ́jọ níbẹ̀ nígbà náà. Nínú oṣù Jánúárì ọdún 1965 ni akọ́nimọ̀ọ́gbá Rinus Michels dé, nǹkan sì bẹ̀rẹ̀ sí yí padà. Wọ́n gba ife ẹ̀yẹ líìgì ní 1966, ní 1967 àti ní 1968. Nínú oṣù Disẹ́ńbà 1966, wọ́n na Liverpool ní góòlù 5 sí 1. Ní 1969 wọ́n dé àṣekágbá ife ẹ̀yẹ ilẹ̀ Yúróòpù, Milan sì nà wọ́n ní 4 sí 1. Swart wà nínú àwọn tí ó jẹ ìyà ọjọ́ náà. Ó ṣì wà níbẹ̀ ní 1971 nígbà tí wọ́n gba ife náà ní Wembley lọ́wọ́ Panathinaikos ti ilẹ̀ Gíríìsì, àti ní 1972 nígbà tí wọ́n gbà á lọ́wọ́ Inter Milan.

Ṣùgbọ́n ibi tí a fẹ́ kí ẹ ṣàkíyèsí nìyí. Ní àṣekágbá ti 1971 yẹn, nígbà tí wọ́n sinmi ìlàjì tán, wọ́n mú Swart jáde, wọ́n sì fi Arie Haan tí ó kéré sí i rọ́pò rẹ̀. Ní àṣekágbá ti 1973 pẹ̀lú Juventus ní Belgrade, Swart kò sí nínú àwọn 11 tí ó wọ pápá. Johnny Rep, ọmọ ọdún 21, ni ó dúró sí ọwọ́ ọ̀tún, òun náà ni ó sì jẹ góòlù kan ṣoṣo tí Ajax fi gba ife ẹ̀kẹta. Ẹni tí ó pẹ́ jùlọ nínú ilé ni wọ́n ní kí ó dìde fún ọmọdé. Ó rọrùn láti wà nínú ẹgbẹ́ nígbà tí ẹgbẹ́ bá nílò wa. Ìgbà tí wọ́n bá fi ẹlòmíràn sí àyè wa ni à ń mọ̀ bóyá ẹgbẹ́ ni a fẹ́ràn, àbí àyè wa nínú ẹgbẹ́.

Kí a tó máa yin Swart lọ, ìdájọ́ òdodo ní kí a béèrè nǹkan kan. Ǹjẹ́ ó ní òmìnira láti lọ? Ní ayé ìgbà náà, ní Yúróòpù, bí ìwé àdéhùn agbábọ́ọ̀lù bá tilẹ̀ parí, ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣì lè dá a dúró àfi bí ẹgbẹ́ tí ó fẹ́ ẹ bá san owó. Ọjọ́ 15 oṣù Disẹ́ńbà, ọdún 1995 ni ilé ẹjọ́ àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù tí ó wà ní Luxembourg fòpin sí èyí, lórí ẹjọ́ tí ará Bẹ́ljíọ̀mù kan tí ń jẹ́ Jean-Marc Bosman pè. Ẹni tí a ti ilẹ̀kùn mọ́, a kì í wí pé ó fẹ́ràn ilé nítorí pé kò jáde. Àníyàn ni a fi ń ṣe ìdájọ́ iṣẹ́, gẹ́gẹ́ bí Ànábì ti kọ́ wa, àníyàn kò sì hàn níbi tí kò bá ti sí yíyàn. Nítorí náà ọdún 17 nìkan kò tó ẹ̀rí.

Ẹ jẹ́ kí a wo ẹlòmíràn nígbà náà. Ní ìlú Rotterdam, Puck van Heel, tí wọ́n bí ní 1904, gbá bọ́ọ̀lù fún Feyenoord nìkan títí tí ó fi jáwọ́. Ìgbà 64 ni ó gbá bọ́ọ̀lù fún orílẹ̀-èdè rẹ̀ láàárín 1925 sí 1938, kò sì sí ará Nẹ́dálándì tí ó gbà á kọjá títí di 1979 tí Ruud Krol ṣe bẹ́ẹ̀. Nígbà ayé rẹ̀ nínú bọ́ọ̀lù, wọn kì í san owó fún agbábọ́ọ̀lù ní Nẹ́dálándì. Ọdún 1954 ni wọ́n tó fi àyè gba kí bọ́ọ̀lù di iṣẹ́ tí à ń jẹun nídìí rẹ̀. Ẹni tí ó bá gbá bọ́ọ̀lù ṣáájú ìgbà yẹn, ibòmíràn ni ó ti ń wá oúnjẹ òòjọ́ rẹ̀. Nígbà tí Feyenoord fẹ́ kọ́ pápá tí a mọ̀ sí De Kuip, Puck van Heel ni wọ́n ní kí ó ri òpó àkọ́kọ́ mọ́lẹ̀ ní 1935. Ọdún 1937 ni wọ́n ṣí i, ẹgbẹ́ náà sì ń gbá bọ́ọ̀lù níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn tí ó ti fi ayé sílẹ̀. Kò gba owó, kò sì fi owó ṣe ọ̀rọ̀ sọ. Ó fi nǹkan tí àwọn tí ó tẹ̀lé e jókòó lé lórí sílẹ̀.

Ṣé ẹni tí ó bá lọ wá jẹ́ ọ̀dàlẹ̀ ni? Ẹ jẹ́ kí a ṣọ́ra. Johan Cruyff, tí òun àti Swart jọ gbá bọ́ọ̀lù, kó lọ sí Barcelona ní 1973. Ó padà sí Ajax ní 1981. Ní 1983 ó kọjá sí Feyenoord tí ó jẹ́ abánidíje wọn gan-an, ó sì bá wọn gba líìgì ní 1984. Síbẹ̀ ní 1985 ó padà di olùkọ́ ní Ajax, ní 2018 wọ́n sì fi orúkọ rẹ̀ pe pápá ìṣeré tí ẹgbẹ́ náà ń lò. Àwọn ọmọ tiwa, Nwankwo Kanu àti Finidi George, dé Ajax ní 1993. Wọ́n wà nínú ikọ̀ tí ó na Milan ní 1 sí 0 ní Vienna ní ọdún 1995 láti gba ife Yúróòpù, wọ́n sì lọ ní 1996, ọ̀kan sí Inter Milan, èkejì sí Real Betis. Ta ni yóò wí pé wọ́n jẹ ẹgbẹ́ náà ní gbèsè?

Àwa Mùsùlùmí kò tilẹ̀ lè wí pé lílọ búburú, nítorí pé kàlẹ́ńdà wa bẹ̀rẹ̀ láti orí lílọ. Ní ọdún 622, Ànábì fi Mẹ́kà tí wọ́n bí i sí sílẹ̀ lọ sí Mẹ̀dínà. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí ó ṣe lọ. Àwọn ará Mẹ́kà tí wọ́n ń wá ọ̀nà láti pa á, ohun ìní wọn wà lọ́wọ́ rẹ̀ tí wọ́n fi pamọ́ sí i, nítorí pé wọn kò rí ẹlòmíràn tí wọ́n lè fọkàn tán. Kò wí pé, ìwọ̀nyí fẹ́ pa mí, ẹ jẹ́ kí n kó o lọ. Ó fi Ali sílẹ̀ sẹ́yìn kí ó dá ohun olóhun padà fún olúkúlùkù kí òun náà tó máa bọ̀. Lílọ tí ó mọ́ nìyí. Ènìyàn lè fi ìlú sílẹ̀ láì fi àmáánà sílẹ̀.

Dídúró náà sì wà nínú ìtàn rẹ̀. Nígbà tí a ṣẹ́gun Mẹ́kà ní ọdún 630, ẹ̀rù ba àwọn Ansaar, àwọn ará Mẹ̀dínà tí wọ́n gbà á nígbà tí ilé lé e. Wọ́n rò pé nísinsìnyí tí ìlú bàbá rẹ̀ ti bọ́ sí i lọ́wọ́, bóyá yóò jókòó síbẹ̀. Ó fi dá wọn lójú pé ọ̀dọ̀ wọn ni òun yóò gbé, ọ̀dọ̀ wọn ni òun yóò sì kú sí. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ó rí. Mẹ̀dínà ni sàréè rẹ̀ wà títí di òní. Ìlú tí wọ́n bí i sí kọ́ ni ó padà sí. Ìlú tí ó bá ṣe àdéhùn ni. Àwọn àgbà wa ní ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wá já sí nìyí: ìdúróṣinṣin kì í ṣe ti ilẹ̀, kì í ṣe ti jẹ́sì, kì í ṣe ti orúkọ. Ti àdéhùn ni, àti ti ohun tí a fi sí wa lọ́wọ́. Ọlọ́hun pa á láṣẹ fún àwọn onígbàgbọ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ Súúrà karùn-ún pé kí wọ́n máa mú àdéhùn ṣẹ. Ànábì sì ka yíyẹ àdéhùn àti dída ẹni tí ó fọkàn tán ni mọ́ àmì tí a fi ń dá mùnááfíkì mọ̀.

Ẹni tí kò bá mọ ìyàtọ̀ yìí lè fi ìdúróṣinṣin pa ènìyàn. Ní ọjọ́ 23 oṣù Máàṣì, ọdún 1997, àwọn alátìlẹ́yìn Ajax àti ti Feyenoord dá ìjà sílẹ̀ nínú pápá lẹ́bàá ọ̀nà márosẹ̀ ní Beverwijk. Bọ́ọ̀lù kankan kò sí níbẹ̀. Wọ́n lu ọkùnrin kan pa. Àwọn tí ó jà níbẹ̀ yóò wí pé àwọn fẹ́ràn ẹgbẹ́ àwọn. Ohun tí Ìsìlámù ń pè ní asabiyyah nìyí, kí ènìyàn máa gbè sẹ́yìn àwọn tirẹ̀ yálà wọ́n jàre tàbí wọ́n jẹ̀bi. Nígbà tí Ànábì ní kí a ran ọmọ ìyá wa lọ́wọ́, ìbáà jẹ́ alábòsí tàbí ẹni tí a ṣàbòsí sí, àwọn sàhábé béèrè bí a ó ṣe ran alábòsí lọ́wọ́. Ó ní kí a dá a lọ́wọ́ kọ́ kí ó má ṣe é. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń bú ara yín nítorí ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù, àti ẹ̀yin tí ẹgbẹ́ Mùsùlùmí kan kò lè kírun lẹ́yìn ìmáàmù ẹgbẹ́ kejì, ẹ gbọ́ o.

Níbo wá ni a ti lè rí ẹ̀rí ìdúróṣinṣin tí kò ní àbùlà? A rò pé ibi tí kò sí owó, tí kò sí ìdè, tí kò sì sí àtẹ́wọ́ ni. Lẹ́yìn ọdún 1973, kò sí ìwé àdéhùn tí ó so Sjaak Swart mọ́ Ajax mọ́. Ṣùgbọ́n kò kúrò láyìíká wọn. Ẹgbẹ́ kan wà tí wọ́n ń pè ní Lucky Ajax, tí ó jẹ́ ti àwọn àgbà tí ó ti gbá bọ́ọ̀lù fún Ajax rí. Wọ́n máa ń lọ bá àwọn ẹgbẹ́ kéékèèké gbá ọ̀rẹ́-sọ́rẹ̀ẹ́. Swart ń bá wọn gbá a títí tí ó fi lé ní ẹni 70 ọdún. Ẹ̀rí tí ọdún 17 àkọ́kọ́ kò lè jẹ́ fún wa, àwọn ọdún tí ó tẹ̀lé e ti jẹ́ ẹ.

Bákan náà ni àwọn tí orúkọ wọn kò dé etí wa. Nẹ́dálándì ní ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù tí kì í ṣe ti olówó oṣù tí ó pọ̀ lọ bí ilẹ̀ bí ẹní, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wọn sì lé ní mílíọ̀nù kan. Àwọn kan ń gbá tiwọn ní ọjọ́ Sátidé, àwọn kan ní ọjọ́ Sọ́ńdè, nítorí pé láyé àtijọ́ àwọn Kirisẹ́ẹ́nì kan níbẹ̀ kò gbà kí a ṣeré lọ́jọ́ ìsìn wọn. Ọ̀pọ̀ agbábọ́ọ̀lù tí ó ti jáwọ́ nínú eré ńlá ni ó ń lọ di akọ́nimọ̀ọ́gbá ní irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀. Ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n ń ṣe é, lẹ́yìn iṣẹ́ òòjọ́, nínú òjò àti òtútù. Àwọn ọmọ tí ó ń kọ́, ọ̀pọ̀ wọn kò ní di olókìkí láéláé. Ẹni tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ti pàtẹ́wọ́ fún rí ń kọ́ ọmọ ọdún mẹ́sàn-án bí a ṣe ń fi inú ẹsẹ̀ gba bọ́ọ̀lù. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́.

Ìyá wa Aishah gbà á wá fún wa pé iṣẹ́ tí Ọlọ́hun fẹ́ràn jùlọ ni èyí tí a bá ń ṣe láìdáwọ́dúró, bí ó tilẹ̀ kéré. Ẹ kò rí i pé kò wí pé èyí tí ó tóbi jùlọ?

Ẹ jẹ́ kí a mú ọ̀rọ̀ náà wálé. Nínú ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ Mùsùlùmí, ta ni ń kọ́ àwọn ọmọdé ní kéwú lọ́jọ́ Sọ́ńdè? Àwọn tí ó jẹ́ ààrẹ, tí ó jẹ́ akọ̀wé, tí orúkọ wọn wà lára pátákó nígbà tí wọ́n wà ní ilé ìwé gíga, mélòó nínú wọn ni ó tún ń yọjú lẹ́yìn tí oyè bọ́ tán? Àwọn kan rí iṣẹ́ sí Èkó, àwọn kan sí Àbújá, àwọn kan rí ìwé ìrìnnà sí ilẹ̀ òkèèrè. A kò dá wọn lẹ́bi. Ọmọ ní í jẹun, ìyá àti bàbá ní í gba ìtọ́jú, wíwá oúnjẹ halal fún ará ilé ẹni sì jẹ́ ìjọsìn. Bí ẹnikẹ́ni bá fi ọ̀rọ̀ ìdúróṣinṣin de ọ̀dọ́ mọ́lẹ̀ kí ó máa ṣiṣẹ́ láìjẹun, nígbà tí àwọn aṣáájú ń jẹ àjẹyó, ìrẹ́jẹ ni onítọ̀hún ń ṣe. Ẹgbẹ́ pẹ̀lú ní àdéhùn tí ó gbọ́dọ̀ mú ṣẹ fún ọmọ ẹgbẹ́, bí àáfà kéwú bá sì ń kọ́ ọmọ wa, ojúṣe wa ni kí á má jẹ́ kí ebi pa á.

Nítorí náà, kì í ṣe pé kí á má lọ ni a ń wí. Ohun mẹ́ta ni kí olúkúlùkù bi ara rẹ̀. Èkíní: kí ni mo ṣèlérí, ta ni mo sì ṣe é fún? Nítorí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń dúró síbi tí kò ṣèlérí kankan, ó sì ń yẹ èyí tí ó ṣe. Èkejì: bí mo bá lọ, ta ni mo fi àmáánà lé lọ́wọ́? Ẹni tí ń lọ tí ó kọ́ ẹni tí yóò rọ́pò rẹ̀, tí ó jíṣẹ́ owó àpò ẹgbẹ́ títí dé kọ́bọ̀ ìkẹyìn, Ali ni ó fi sílẹ̀ sẹ́yìn yẹn. Ẹni tí ó bá fi òru lọ tí kọ́kọ́rọ́ kíláàsì wà lápò rẹ̀, kí ó tún èrò pa. Ẹ̀kẹta: bí a bá gba oyè, owó àti àtẹ́wọ́ kúrò nídìí iṣẹ́ yìí, kí ni yóò kù tí n óò máa ṣe? Ohun tí ó bá kù yẹn gan-an ni tiwa. Ìyókù, àyálò ni.

Ẹni tí ó wà ní Èkó lè wálé lẹ́ẹ̀kan lóṣù wá kọ́ ọmọ mẹ́wàá ní Fátíhà. Ẹni tí ó wà lókè òkun lè gba owó ìwé ọmọ kan rù, kí ó má dáwọ́ dúró. Kò pọ̀, ṣùgbọ́n kò ní já. Ọjọ́ tí a ó bá dúró níwájú Ọlọ́hun, a kò ní bi wá bóyá àwọn ènìyàn fi orúkọ ẹgbẹ́ pè wá. Àdéhùn ni a ó bi wá léèrè.

Kí Ọlọ́hun ṣe wá ní ẹni tí ó mọ̀gbà tí a ń dúró, tí ó sì mọ bí a ti ń lọ. Kí ó má jẹ́ kí a jẹ gbèsè àmáánà kú. Kí ó fi àlùbáríkà sí iṣẹ́ kékeré ọwọ́ wa, kí ó má jẹ́ kí ó já. Àmín.